Ààbọ̀ Orí

Sátidé tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ méjì,
mo ti fá apá òsì orí Tíṣà Gbọ́lágadé tán
kí ọ̀rọ̀ ààrẹ tó wọlé tọ̀ wá.
Ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Fìà kò ju ilé adìyẹ lọ:
dígí kan, àga méjì, àti bẹ́ǹṣì
tí àwọn tí kò fárí ń jókòó sí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Lásísì ló bẹ̀rẹ̀. Alátùpà ni,
ó lẹ àtùpà mọ́ ọ̀kadà rẹ̀ níwájú, ó lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn.
Ó ní, "Ọmọ wa ni. Bó burú, bó dára, ọmọ wa ni.
Ta ní í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀?"

Tíṣà yọ ìka kan lábẹ́ aṣọ funfun:
"Ilé bàbá tó ń jò, ṣé a kì í wí ni?
Oníkọ́kọ́rọ́ lèmi. Ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn mìíràn wò."

"Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi ti ilé iṣẹ́ irin pa ńkọ́?"
Ẹni tó sọ èyí, n ò mọ̀ ọ́n.
Omi inú ọ̀rá ló wá rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa,
ó sì gbàgbé láti lọ.

Ariwo ta. Ọ̀kan ní epo bẹntiróòlù,
ọ̀kan ní dọ́là, ọ̀kan ní ẹ̀sìn,
ọ̀kan ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìrẹsì dé ojúlé òun.
Mùbáràkù, ọmọ iṣẹ́ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méjìdínlógún,
béèrè pé èwo nínú wọn ni yóò múná wá.
Wọ́n ní kó lọ gbálẹ̀.
Ó gbálẹ̀. Irun dúdú, irun funfun,
páànù kan náà ló kó gbogbo wọn sí.

Èmi? Abẹ ń bẹ lọ́wọ́ mi.
Ẹni tó mú abẹ dání kì í bá orí jiyàn.
Mo kàn ń sọ pé, "Ẹ tẹrí ba, sà."

Tíṣà kò tẹrí ba. Lásísì ti sọ ọ́:
"Ṣebí àwọn ẹgbẹ́ yín náà ló san ààbọ̀ owó oṣù fún yín,
ẹ tún fẹ́ lọ tẹ̀ka fún wọn!"

Fáànù nìkan ló ń dún.
Bàbá dìde. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn wọn,
apá òsì orí ń dán bí ìdí àwo,
apá ọ̀tún hù bí oko tí olóko rẹ̀ rìnrìn àjò.
Wọ́n ní, "Ọmọ mẹ́rin ni mo fi ààbọ̀ náà rán níléèwé.
Má fi ààbọ̀ bú mi."
Wọ́n gba ọ̀nà Àyétòrò lọ bẹ́ẹ̀,
àwọn ọmọdé tẹ̀lé wọn títí dé kọ̀ǹga.
Lásísì rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a gbé e.

Ìyàwó mi ní alátùpà lòun yóò dì fún,
nítorí igbákejì wọn ní ojú àánú.
Ọmọ wa tó wà n'Íbàdàn ní òun ò dìbò rárá.
Káàdì tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀, pẹ̀lú àwọn abẹ tuntun,
àwòrán mi inú rẹ̀ dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti dìbò láyé mi.
Ẹ̀ẹ̀mejì lẹni tí mo dì fún wọlé.
Ó wọlé lóòótọ́, ó sì tìlẹ̀kùn.

Ilẹ̀ ṣú, iná lọ. Mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù
ni mo rí fìlà kan lẹ́bàá ògiri.
"Ǹjẹ́ o lè fi iná fóònù parí ẹ̀?"
Fóònù mi ti kú. Mùbáràkù ti lọ.
Ibi tí a dúró sí ni ọ̀kadà kan ti yà,
àtùpà níwájú, àtùpà lẹ́yìn.
Lásísì kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó kàn tan iná ọ̀kadà rẹ̀ gbọọrọ
sí apá ọ̀tún orí Tíṣà.

Mo ń fá a. A ò sọ̀rọ̀,
àfi ìgbà tó ku fẹ́ẹ́rẹ́
tí Tíṣà ní, "Kọ́kọ́rọ́ ṣì ni mò ń dì fún o,"
tí Lásísì ní,
"Mo ti gbọ́. Ẹ tẹrí ba, sà."